Àǹtí Ilé Ìfọṣọ

Gbogbo wa là ń làágùn níbi iṣẹ́ wa, àfi obìnrin kan ṣoṣo. Yàrá ìsàlẹ̀ ọsibítù ńlá kan ni wọ́n ti ń fọ aṣọ bẹ́ẹ̀dì àwọn aláìsàn, ibẹ̀ ni mo ti ríṣẹ́ ní ọ̀sẹ̀ kejì tí mo dé òkè òkun. Ẹ̀rọ mẹ́jọ ló ń gbẹ aṣọ, ooru wọn a sì máa gbá èèyàn lójú bí ìgbà tí wọ́n bá ṣí ìdérí ìkòkò tó ń hó. Bó ti wù kí òtútù mú tó níta, ẹ̀wù wa a máa lẹ̀ mọ́ wa lẹ́yìn. Ṣùgbọ́n obìnrin tó ń ká aṣọ nídìí ẹ̀rọ kẹjọ, níbi tí ooru ti pọ̀ jù, gbígbẹ ni iwájú orí rẹ̀ máa ń wà láti àárọ̀ títí a ó fi ṣíwọ́.

Mi ò kà á sí. Ohun tí mo ń bá yí nígbà náà ti tó mi. Mi ò gbọ́ èdè wọn. Bí ọ̀gá wa obìnrin bá ní kí n gbé aṣọ funfun, màá gbé aláwọ̀ ewé. Mo fi ọkọ mi àti ọmọ mi obìnrin ọlọ́dún mẹ́rin sílé. Ọmọ náà ò sì fẹ́ bá mi sọ̀rọ̀ mọ́: ó ní ìyá òun kì í gbé inú fóònù. Lọ́jọ́ kẹrin, agbọ̀n aṣọ bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́, gbogbo rẹ̀ dà sílẹ̀, mo sì kùn pé, "Ayé mi rèé o."

"Kò tíì burú tó bẹ́ẹ̀," ni ẹnì kan wí lẹ́yìn mi, ní Yorùbá. "Bẹ̀rẹ̀, jẹ́ ká jọ ṣà á."

Òun ni. Ní ojú, kò lè ju ẹni ọdún mẹ́rìndínlógójì lọ, díẹ̀ ló fi jù mí. Ṣùgbọ́n ọ̀gá wa sọ fún mi lẹ́yìn náà pé ó ti pé ọdún méjìdínlógún tó ti ń ká aṣọ níbẹ̀. Mo ní ó mọ ara tọ́jú ni. Àǹtí ni mo ń pè é.

Kí oṣù náà tó parí, mo ti kó lọ sí yàrá kejì nínú ilé tó háyà. Òun ló kọ́ mi ní ilẹ̀kùn tí wọ́n ń gbà wọ bọ́ọ̀sì àti èyí tí wọ́n ń gbà bọ́ sílẹ̀. Òun ló ní kí n máa wọ ìbọ̀sẹ̀ méjì léra wọn. Nígbà tó rí i tí mo ń kí àwọn ará òkè lórí àtẹ̀gùn, tí mò ń béèrè ìyàwó, tí mò ń béèrè ọmọ, ó rẹ́rìn-ín. "Mi orí sí wọn, kó o máa lọ. Bó o bá béèrè àlàáfíà ilé lọ́wọ́ wọn níbí, wọ́n á rò pé o fẹ́ ra ilé náà ni."

Ohun méjì péré ló kọ̀ fún mi: kí n má ya òun ní fọ́tò, kí n má sì sọ ọ̀rọ̀ òun fún ará ilé. Mo rò pé ọ̀rọ̀ ìwé ìgbélùú ni. Mo bi í lẹ́ẹ̀kan bóyá ó bímọ.

"Rárá," ló wí. Ó ká aṣọ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ tán, ó tú u, ó tún un ká.

Ọdún méjì la fi gbé bẹ́ẹ̀. Ìgbà tí Àǹtí gba ìsinmi ọ̀sẹ̀ kan ni awakọ̀ tuntun dé, ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń fi ọkọ̀ kó aṣọ wá láti àwọn ọsibítù kéékèèké. Ọmọ Yorùbá ni. Ẹ̀gbọ́n ló ń pè mí. Mo rí i tó ń dá nìkan jẹ búrẹ́dì gbígbẹ nínú ọkọ̀, àánú rẹ̀ ṣe mí.

"Wá jẹun nílé wa lọ́sàn-án Sunday," mo ní. "Àǹtí kan wà níbẹ̀, inú wọn á dùn láti rí ẹ."

"Ẹ ṣé, ẹ̀gbọ́n. Ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti se oúnjẹ fún mi."

Mi ò sọ fún Àǹtí. Mo fẹ́ kó bá a lójijì.

Nígbà tí wọ́n kan ilẹ̀kùn, èmi ń to àwo, Àǹtí ló lọ ṣí i. Mi ò gbọ́ "ẹ káàsán", mi ò gbọ́ nǹkan kan. Mo yọjú. Ọmọkùnrin náà dúró lẹ́nu ọ̀nà, ètè rẹ̀ ti funfun.

"Màámi," ló wí, jẹ́ẹ́.

Àǹtí ò yíjú kúrò lára rẹ̀. Ó na ọwọ́, ó tún kọ́là rẹ̀ ṣe. "O ti ga," ló wí. "Wọlé. Jẹ́ kí n lọ dín iná kù, kí ìrẹsì má jó."

Ó kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi wọ ilé ìdáná. Mo gbọ́ tí bọ́tìnnì sítóòfù dún. A dúró. Nígbà tí mo wọlé tọ̀ ọ́, iná ti lọ sílẹ̀, ṣíbí wà lórí ìdérí ìkòkò, fèrèsé wà ní títì. Ilé ìdáná yẹn ò ní ilẹ̀kùn mìíràn.

Awakọ̀ náà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. "Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà tí wọ́n kú," ló wí. "Mo wà lára àwọn tó da iyẹ̀pẹ̀ sórí pósí wọn. Ogún ọdún rèé. Bí wọ́n ṣe rí nígbà náà, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni wọ́n ṣì rí."

Mo ti ń gbọ́ nípa àkúdàáyà láti kékeré, pé òkú a máa lọ gbé ìlú tó jìn, a máa ṣiṣẹ́, a máa jẹun, títí ẹni tó mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀ yóò fi rí i, a sì pòórá. Mi ò rò pé wọ́n ń wọ bọ́ọ̀sì.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ má purọ́ fún mi. Ṣé wọ́n máa ń sọ̀rọ̀ mi?"

Mo dìde, mo lọ sí yàrá Àǹtí, bóyá màá rí nǹkan tí màá fi tù ú nínú. Báàgì ńlá kan wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ṣẹ́ẹ̀tì ló kún inú rẹ̀, a ká wọn bí a ṣe ń ká aṣọ níbi iṣẹ́, etí sí etí. Èyí tó wà nísàlẹ̀ jẹ́ ti ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Èyí tó lé e fi díẹ̀ tóbi jù ú. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń tóbi lọ, títí wọ́n fi pé ogún. Bébà iye owó ṣì so mọ́ tòkè. Mo gbé e fún awakọ̀ náà, ó gbé e wọ̀. Ó bá a mu títí dé ọrùn ọwọ́. Ìgbà yẹn ló tó sunkún.

Ọ̀gá wa dúró de Àǹtí fún ọjọ́ mẹ́ta, ó sì fi ẹlòmíràn sídìí ẹ̀rọ kẹjọ. Awakọ̀ náà ń wá a kiri. Ní gbogbo ọjọ́ ìsinmi rẹ̀ ló ń wọ ọkọ̀ lọ sí ìlú mìíràn, a máa dúró lẹ́nu ọ̀nà àwọn ilé ìfọṣọ, a máa wo ojú àwọn obìnrin tó ń ṣíwọ́. Ó rù. Kò yé wá a.

Oṣù karùn-ún rẹ̀, láàárín òwúrọ̀, fóònù mi dún. Obìnrin kan ni, láti ilé ìfọṣọ kan ní ìpẹ̀kun orílẹ̀-èdè náà. Ó ní ẹnì kan wá tọrọ iṣẹ́, orúkọ mi nìkan ló kọ sílẹ̀ pé ó mọ òun. Ó pe orúkọ ẹni náà. Mi ò gbọ́ ọ rí.

"Ó ní ẹ jọ gbé ilé fún ọdún méjì, ẹ sì jọ ń ká aṣọ," ló wí.

Awakọ̀ ń já aṣọ sílẹ̀ níwájú mi, ó kọ ẹ̀yìn sí mi, ariwo ẹ̀rọ ò sì jẹ́ kó gbọ́ ohun tí mò ń sọ.

"Mo mọ̀ wọ́n," mo ní. "Òṣìṣẹ́ gidi ni wọ́n."

"Ó kọ ọ́ síbí pé òun ní ọmọkùnrin kan. Ṣé òótọ́ ni?"

"Òótọ́ ni," mo ní, mo sì pa fóònù náà.

Awakọ̀ yíjú sí mi. "Ta ló pè, ẹ̀gbọ́n?"

"Wọ́n ṣi nọ́ńbà pè ni."

Ó mi orí, ó sì bẹ̀rẹ̀ láti gbé agbọ̀n tó kàn.