Ìbéèrè Lórí Kànga Bàbá

Láàárọ̀ Sátidé kan lọ́dún 1996, Àlàní ń lọ ń bọ̀ lágbàlá ilé wọn ní Òkèrèwè. Ara rẹ̀ kò balẹ̀. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde yunifásítì, iléeṣẹ́ ìlera kan sì ní kó ṣe ìwádìí lórí omi mímu. Kànga tí àwọn aráalé bá ní kò dára ni wọn yóò kọ́kọ́ da oògùn sí kí òjò tó dé.

Kó lè tètè parí, ó kó gbogbo ilé jọ síwájú bàbá rẹ̀, Bàbá Abógúnrìn, olórí ẹbí tó gbẹ́ kànga ilé.

“Ṣé kànga tí bàbá wa gbẹ́ fún wa mọ́, ó sì dára?”

Bàbá rẹ́rìn-ín. “Ta ni yóò ní kò dára?”

Gbogbo wọn ní ó dára. Mojíre, ìyàwó ẹ̀gbọ́n Àlàní, náà dáhùn bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ilẹ̀ ló ń wò.

Oògùn gba àdúgbò mìíràn lọ. Nígbà tí òjò dé, Bólúwatifẹ́, ọmọ Mojíre, bẹ̀rẹ̀ sí í yàgbẹ́ gbuuru, ó ń bì. Kó tó di ọ̀sán, ojú rẹ̀ ti jìn wọnú. Wọ́n ń fún un ní omi iyọ̀ àti ṣúgà títí wọ́n fi dé ilé ìwòsàn, tí wọ́n fa omi sí i lára. Nọ́ọ̀sì ní onígbáméjì ni, inú omi ló ti wá.

Àlàní jókòó, ó tún dìde, ó bi Mojíre: “Ìyàwó, ṣé ẹ mọ̀ pé omi yẹn kò dára?”

“Akọ̀wé, bí òjò bá ti rọ̀, bíi ṣáláńgá ló máa ń rùn.”

“Kí ló dé tí ẹ ò sọ?”

“Ẹ ò bi mí bóyá ó ń rùn. Bóyá bàbá ọkọ mi ṣe dáadáa lẹ bi mí, lójú gbogbo ilé. Èmi ìyàwó ilé, kí ni kí n wí?”

Bólúwatifẹ́ yè é. Bàbá Abógúnrìn, tó mu nínú omi kan náà, kò yè é.

Lẹ́yìn ìsìnkú, Àlàní lọ láti yàrá dé yàrá, ó ń bi ẹnì kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀: Omi wo lẹ mu lánàá? Kí lẹ ṣe sí i kí ẹ tó mu ún? Ìgbà wo ló rùn kẹ́yìn? Àwọn tó ti ní ó dára ló ń ka àbùkù rẹ̀ fún un.

Ẹ̀yin tí wọ́n bá rán níṣẹ́ ìwádìí, ẹ má fi ìyìn sínú ìbéèrè. Ẹ má so ọ̀rọ̀ méjì pọ̀ nínú ìbéèrè kan. Ẹ bi ènìyàn ní ohun tó ṣe, níbi tí ẹnu rẹ̀ ti lè gba òótọ́. Ẹni tó gbẹ́ kànga ti lọ, kò ní bínú bí a bá ní omi rẹ̀ ti bàjẹ́. Ọmọ tó ń mu ún lónìí ni kí á rò.