Ta Ló Gé Fèrè Áńgẹ́lì?

"Wọ́n ní wúrà gidi ni o... láti orí dé ẹsẹ̀..."

"Ọlọ́dẹ ibẹ̀ náà ni. Ṣebí ẹnu ara ẹ̀ ló fi sọ pé áńgẹ́lì yẹn ò ní dókè... Ẹ má ní èmi ni mo sọ ọ́ o."

Báyìí lọ̀rọ̀ náà ṣe rìn láti Ìsọlọ̀ dé Ṣógúnlé. Kó tó dé etí Ìsíátù, wọ́n ti ti Sherifdeen ọkọ rẹ̀, tó jẹ́ ọlọ́dẹ, mọ́lé.

Tẹ́ńpìlì tuntun tí ìjọ Mọ́mónì ń kọ́ ni wọ́n ṣe áńgẹ́lì náà fún. Ère ni, ó ga ju èèyàn lọ. Wọ́n fi aṣọ funfun wé e, wọ́n tẹ́ ẹ sínú àgọ́ páànù, ó ń retí kíréènì tí yóò gbé e lọ sí ṣóńṣó òrùlé. Láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n tú aṣọ náà. Ọwọ́ ère ṣì wà níbi ẹnu rẹ̀. Fèrè ti lọ. Wọ́n ti fi ayùn gé e.

Ìnsípẹ́kítọ̀ Tẹjú Adéyanjú wo ilẹ̀kùn. Wọn ò já a. Ó ń họ ọrùn. Ṣéènì tó rà l'Óṣòdì ń yún un nínú òógùn.

Ìsíátù wó lé eékún níwájú rẹ̀, toyún-toyún.

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́! Lọ́la ni wọ́n ń gbé e lọ sílé ẹjọ́. Tó bá ti dẹ́wọ̀n, ta ló máa rántí ẹ̀? Oyún mi ti pé oṣù."

"Dìde, ìyá ìkókó. Ikùn yìí ò gba ìkúnlẹ̀."

Yàtọ̀ sí Sherifdeen, àwọn méjì ló tún ní kọ́kọ́rọ́. Títí, tíṣà ọmọ Èkìtì tó ń mú àlejò yíká, ni àkọ́kọ́.

"Èmi kẹ̀? Pálọ̀ bàbá mi la ti bẹ̀rẹ̀ ìjọ yìí, lórí ẹní. Láti ìgbà yẹn, tá a bá ń wá tẹ́ńpìlì, Abá nílẹ̀ Ìgbò là ń wọkọ̀ lọ. Ìlà oòrùn ni áńgẹ́lì yìí máa kọjú sí, torí ibẹ̀ la ti ń retí Olúwa. Ìyá mi ò lókun mọ́. Ó fẹ́ rí i kó tó kú." Ó bú sẹ́kún. "Kí ni màá fi fèrè ṣe?"

Ìkejì ni Olúbọ̀wálé, ẹni tó lẹ wúrà mọ́ ère náà lára.

"Ẹ̀yin ọlọ́pàá náà! Ẹ ti mú olè, ẹ tún ń wá a. Ìṣojú mi ló ti sọ ọ́ pé áńgẹ́lì yìí ò ní dókè."

"Ṣé wúrà gidi ni?"

"Ojúlówó! Ó fẹ́lẹ́ ju èèpo àlùbọ́sà lọ, àmọ́ ojúlówó ni, àti fèrè náà. Òjò ayé yìí ò lè mú un dípẹtà."

"Ta ló wé aṣọ yẹn?"

"Èmi ni. Aṣọ tuntun, funfun báláú."

Tẹjú lọ bá Sherifdeen ní àgọ́ ọlọ́pàá.

"Ṣé o sọ pé áńgẹ́lì ò ní dókè?"

"Mo sọ ọ́, mà."

"Kí lo ní lọ́kàn?"

Ó yíjú sí ògiri.

"Ìyàwó ẹ fẹ́ bímọ, o sì ń dákẹ́ fún mi!"

Sherifdeen fi orí sọ ògiri. Omi ń dà lójú rẹ̀. "Àmánà ni, mà, àṣírí ẹlòmíì. Mo ti fi Kùránì búra."

Ta ni èèyàn ń búra fún nípa olè tí kò jà?

Tẹjú padà sí àgọ́ páànù. Ó tẹ́ aṣọ funfun náà sílẹ̀. Ibi tí ara ère ti sinmi mọ́ tónítóní. Ibi tí fèrè ti sinmi ní àbàwọ́n gígùn kan, aláwọ̀ ewé. Ó dúró. Ó tún họ ọrùn, ó wo ìka rẹ̀. Àwọ̀ ewé. Ó fi etí aṣọ náà nu ọrùn, ó gbé àbàwọ́n méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn.

Ọ̀kan náà ni wọ́n.

Ó ránṣẹ́ pe Títí, Olúbọ̀wálé àti Ìsíátù.

"Ṣéènì yìí, idẹ tí wọ́n kùn ni. Òógùn kan án, ó dípẹtà sí mi lọ́rùn. Ọ̀gá Olúbọ̀wálé, ẹ ní wúrà kì í dípẹtà. Kí ló wá ń ṣe aṣọ tí ẹ fọwọ́ ara yín wé? Kò sí wúrà lára fèrè yẹn. Ẹni tó mọ̀ bẹ́ẹ̀ ló gé e, kí wọ́n má baà rí i."

Olúbọ̀wálé jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

"Ó wà lábẹ́ iyanrìn lẹ́yìn ilé. Ìyá mi wà lórí bẹ́ẹ̀dì. Wọn ò ní ṣiṣẹ́ abẹ láìgbowó. Mo ta wúrà tó yẹ kí n lẹ̀ mọ́ fèrè, mo fi ọ̀dà idẹ kun fèrè. Lọ́la ni àwọn tó yàwòrán ilé ń bọ̀ wá yẹ̀ ẹ́ wò. Mo bẹ Sherifdeen kó bò mí láṣìírí. Ó búra. Nígbà tí wọ́n mú un, mo sọ ọ̀rọ̀ ẹ̀ káàkiri, mo gé ọ̀rọ̀ náà ní ààbọ̀."

Ìsíátù sún mọ́ ọn.

"Kí ni ọkọ mi sọ gan-an? Ẹ sọ ọ́ bó ṣe sọ ọ́."

Olúbọ̀wálé ò lè wo ojú rẹ̀.

"Ó ní, 'Ẹ̀gbọ́n, áńgẹ́lì yìí ò ní dókè báyìí o, fèrè ẹ̀ ti ń dípẹtà. Ẹ tètè tún un ṣe kí wọ́n má baà rí yín fín. Tí mo bá gba owó oṣù mi, màá fi kún owó wúrà náà fún yín.'"