Orin Tí Kò Fi Nǹkan Kan Pamọ́

Ìka ọwọ́ rẹ̀ ni Sungtao kọ́kọ́ rí. Mẹ́wẹ̀ẹ̀wá dúdú bí ìka aláró, wọ́n sì gbá etí tábìlì rẹ̀ mú bí ẹni tó fẹ́ gbé e jù síta láti ojú fèrèsé. Nígbà tó gbójú sókè, ó rí ọmọbìnrin kan nínú aṣọ funfun ilé iṣẹ́, irun rẹ̀ ti yọ jáde lábẹ́ fìlà, ojú rẹ̀ ń kọ mànà.

"Ṣé ẹ̀yin ni wọ́n ní kí ẹ wá olè nínú orin mi?"

"Èmi ni. Ẹ jókòó."

"N ò jókòó. Olè kì í jókòó níwájú ọlọ́pàá."

"Èmi kì í ṣe ọlọ́pàá."

"Kí wá lẹ jẹ́?"

"Ẹni tó ń gbọ́ orin."

Ẹ̀rín fẹ́ bọ́ lẹ́nu ọmọbìnrin náà, ó yáa gbé e mì. Sungtao rí i pé ó gbé e mì, inú rẹ̀ sì dùn, bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ tí wọ́n gbé fún un kọ́ nìyẹn.

Chung Yufen ni orúkọ ọmọbìnrin yìí, ọmọ ìlú wa, Beipu, lókè. Ó ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ ńlá kan ní Hsinchu tí ń ṣe ọpọlọ kọ̀ǹpútà. Àṣírí ilé iṣẹ́ náà ti jò, àwọn ọ̀gá ò sì mọ ibi tó gbà jò. Ẹnì kan wá sọ fún wọn pé èèyàn lè fi ọ̀rọ̀ pamọ́ sínú fáìlì orin: á yí àwọn nọ́ńbà kéékèèké inú rẹ̀ padà díẹ̀díẹ̀, etí ò ní mọ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí á yọ ọ̀rọ̀ náà jáde wẹ́rẹ́. Ni wọ́n bá ra ẹ̀rọ tó ń tú orin òṣìṣẹ́ wò. Ẹ̀rọ náà sì nàka sí orin tí Yufen fi ránṣẹ́ sáwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ látorí fóònù. Orin òkè ni, ìyá rẹ̀ ló ń kọ ọ́ níbi tí wọ́n ti ń sá èso shizi.

Sungtao ni wọ́n wá gbà síṣẹ́ pé kó wá ọ̀rọ̀ náà rí. Bó bá rí i, iṣẹ́ Yufen lọ nìyẹn, ẹ̀wọ̀n sì lè tẹ̀ lé e.

Sungtao gbọ́ orin ìyá náà títí ó fi mọ ibi tó ti ń mí. Kò rí nǹkan kan. Ó ní kí Yufen mú òun lọ síbi tí wọ́n ti gba ohùn náà sílẹ̀, òun fẹ́ gbọ́ ibẹ̀ nígbà tí ẹnikẹ́ni ò bá kọrin.

Afẹ́fẹ́ oṣù kẹwàá ń fẹ́ lọ́jọ́ tó gòkè wá. Èso shizi tí wọ́n ti bó èèpo rẹ̀ tò pupa rẹ́súrẹ́sú lórí atẹ, Yufen àti ìyá rẹ̀ sì ń bó òmíràn, oje rẹ̀ ń kun ìka wọn dúdú. Sungtao gbé fóònù Yufen kalẹ̀ sáàárín àwọn atẹ, ó fi ìka lé ẹnu pé kí gbogbo wọn dákẹ́. Yufen dákẹ́, ṣùgbọ́n ó ń yọ ṣùtì sí i lẹ́yìn atẹ. Lẹ́yìn ìyẹn ni Sungtao fi ohun tó gbà sílẹ̀ sínú ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ figbe ta pé ọ̀rọ̀ wà níbẹ̀.

"Ta ló sọ̀rọ̀?" Yufen bi í.

"Afẹ́fẹ́. Afẹ́fẹ́ àti kòkòrò inú igbó. Orin inú yàrá tó pa rọ́rọ́ nìkan ni wọ́n fi kọ́ ẹ̀rọ yìí, kò gbọ́ afẹ́fẹ́ rí láyé ẹ̀."

"Hẹ̀ẹ́n! Ẹ gbá afẹ́fẹ́ mú o! Òun ló jí àṣírí ilé iṣẹ́!"

Sungtao rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ìyá gbé abọ́ tíì tí wọ́n gún mọ́ ẹ̀pà kalẹ̀ níwájú rẹ̀, ó wò ó látòkè délẹ̀. "Yufen, ṣé wọ́n ń fún èyí lóúnjẹ nílé wọn ṣá?"

Gbogbo ọjọ́ ìsinmi ni Sungtao ń gòkè lẹ́yìn ìyẹn, bẹ́ẹ̀ kò sí nǹkan kan tó tún fẹ́ gbọ́ níbẹ̀ ju ohùn ẹnì kan lọ. Wọn ò pe ara wọn ní "ẹ" mọ́.

Ọ̀gá ilé iṣẹ́ ò fẹ́ gbọ́ ti afẹ́fẹ́. Ẹni tó máa ru ẹ̀bi ló ń wá. "Ṣáà kọ ọ́ pé ó ṣeé ṣe kó wà níbẹ̀."

"Kò sí níbẹ̀."

"Rò ó dáadáa. Ronú iṣẹ́ rẹ."

"Mo ti rò ó. Kò sí níbẹ̀."

Sungtao fi àáké kọ́rí, wọ́n sì lé e. Wọn ò rí ìwé tí wọ́n máa fi mú Yufen, wọ́n fi í sílẹ̀ tìkanratìkanra. Nígbà tí Sungtao jáde sí géètì, ó bá a lórí ọ̀kadà rẹ̀.

"Gun ẹ̀yìn."

"Yufen, mi ò níṣẹ́ mọ́ o."

"Ṣé mo bi ẹ́ níṣẹ́ ni? Mo ní kó o gun ẹ̀yìn."

Ó gùn ún. Ẹni tó máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké.

Sungtao rí iṣẹ́ kékeré kan, ó ń tún ẹ̀rọ gbohùngbohùn ṣe fún àwọn òṣèré tẹ́ńpìlì. Ó ní òun fẹ́ fẹ́ Yufen. Bàbá Yufen mirí. "Ọkùnrin tó tìtorí afẹ́fẹ́ sọ iṣẹ́ nù, kí ló máa fi bọ́ ọmọ mi?" Àmọ́ kò fẹ́ fẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun ò gbà. Ó gbé ìwé pupa tí wọ́n kọ ọjọ́ ìbí àwọn méjèèjì sí síwájú pẹpẹ àwọn baba ńlá, gẹ́gẹ́ bí a ti ń ṣe. Bí nǹkan kan ò bá fọ́ nínú ilé títí ọjọ́ mẹ́ta, àwọn baba ti gbà nìyẹn. Ara Yufen ò balẹ̀. Fífi ẹsẹ̀ rìn gan-an, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ni gbogbo ilé ń ṣe é.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kẹta, abọ́ kan fọ́ yángá ní ilé ìdáná.

Bàbá sáré dé ẹnu ọ̀nà, ó wo àfọ́kù nílẹ̀. "Ó tán. Àwọn baba wa ti sọ̀rọ̀."

"Ọ̀rọ̀ wo, Bàbá? Kí ni abọ́ wí?"

"Pé ọkùnrin náà kọ́."

"Wọ́n gbọ́ afẹ́fẹ́, wọ́n pè mí lólè. Ẹ̀yin náà gbọ́ abọ́, ẹ ní kí n má lọ́kọ. Rárá o! Bí àwọn baba bá kọ̀ ọ́, kí wọ́n wá wí fún mi lójú. Bó bá jẹ́ ẹ̀yin lẹ kọ̀ ọ́, ẹ fẹnu yín wí. Ẹ má fi abọ́ ṣe agbẹnusọ."

"Ṣé èmi lò ń bá wí báyẹn?"

"Ẹ̀yin ni. Mo bọ̀wọ̀ fún yín, àmọ́ mi ò ní dákẹ́."

Yufen tẹ fóònù. Ó fi ohùn rẹ̀ síta kí bàbá rẹ̀ lè gbọ́. "Sungtao, abọ́ ti fọ́."

Wọ́n gbọ́ bí Sungtao ṣe mí kanlẹ̀. Ó mọ ohun tí ó túmọ̀ sí. Ọmọ ìran wa lòun náà.

"Ṣé kò gé ẹnikẹ́ni?" ló béèrè.

Bàbá wo Yufen. Yufen wo bàbá. Àwọn méjèèjì wá yíjú sí ìyá, tó dúró ti ìkòkò omi láìwọ bàtà. Ẹ̀jẹ̀ ti ṣàn yí ẹsẹ̀ rẹ̀ ká.

"Ìyá! Látìgbà wo?"

"Látìgbà tó ti bọ́ lọ́wọ́ mi. Ọṣẹ ló yọ̀ mí lọ́wọ́, kò sí baba ńlá kankan ńbẹ̀. Mo dúró pé kẹ́nì kan bi mí. Abọ́ lẹ̀yin méjèèjì ń bi léèrè ọ̀rọ̀!" Ohùn tó fi ń kọrin òkè ló gbé sókè. "Ẹni tí kò sí nílé ló ṣèṣẹ̀ béèrè ẹsẹ̀ mi yìí. Òun ni mo fẹ́ lánà. Bàbá Yufen, bó bá wù yín, kí gbogbo abọ́ ilé yìí fọ́ tán, òun náà ni."

Yufen ti ń sunkún. Bàbá tú aṣọ ìnujú ọrùn rẹ̀, ó kúnlẹ̀ sáàárín àfọ́kù, ó sì di ẹsẹ̀ ìyàwó rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló nawọ́ gba fóònù.

"Ṣé o ṣì wà níbẹ̀?"

"Mo wà níbẹ̀, Bàbá."

"Ó gé ìyá rẹ lẹ́sẹ̀. Ra oògùn bọ̀."

Yufen já fóònù gbà. "Sungtao, ṣé o gbọ́ ohun tí Bàbá pe Ìyá?"

"Mo gbọ́," ni Sungtao wí. Ó ti ń wá kọ́kọ́rọ́ ọ̀kadà rẹ̀.