Bàbá Nimotallahi Inú Kọ̀ǹpútà

Ìwọ tí ò ń ka èyí, mo bẹ̀ ọ́, má bá ẹnikẹ́ni tọ́jú kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù. Ìbáà jẹ́ ọ̀rẹ́. Wàsílátù aránṣọ bá Súbérù tọ́jú tirẹ̀, ibẹ̀ ni ẹ̀rù ti wọlé rẹ̀.

Láàárọ̀ Sátidé, wọ́n já ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù tí Súbérù ti ń tẹ̀wé ní Ìsọlọ̀, wọ́n bá òkú rẹ̀ nídìí kọ̀ǹpútà, orí rẹ̀ ti fọ́. Ìta ni wọ́n ti fi kọ́kọ́rọ́ ti ilẹ̀kùn. Kọ́kọ́rọ́ kan wà lápò òkú. Èkejì wà nínú báàgì Wàsílátù.

Ìnsípẹ́kítọ̀ Abíọ́lá bi Wàsílátù títí. Obìnrin náà ní Ọjọ́bọ̀ ni àwọn sọ ọmọ Teslim, àbúrò òun, lórúkọ nílé rẹ̀ ní Bọ́ládé, òun sì sùn síbẹ̀ di Sátidé. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, wọ́n pe àwọn méjèèjì wá sí ṣọ́ọ̀bù náà. Teslim búra pé láti ìgbà ààwẹ̀ lòun ò ti débẹ̀.

"Ìka tó bá ṣẹ̀ lọba ń gé, ọ̀gá. Kọ́kọ́rọ́ ò sí lọ́wọ́ tèmi."

Wàsílátù wolẹ̀.

Ìnsípẹ́kítọ̀ tan kọ̀ǹpútà. Ó tọ́ka sí nǹkan kékeré bí èékánná tó há sẹ́yìn rẹ̀. Adápítọ̀ bulutúùtù ni. Ó ní kọ̀ǹpútà náà ò ní bulutúùtù tirẹ̀ tẹ́lẹ̀, àárọ̀ Jímọ̀ tí Súbérù kú ló ra eléyìí, rìsíìtì rẹ̀ ṣì wà nínú páálí.

"Fóònù kan péré ló ti bá a sọ̀rọ̀. Tan bulutúùtù tìẹ."

Teslim lọ́ra. Kọ̀ǹpútà dún. Orúkọ yọ: Bàbá Nimotallahi.

"Bàbá Nimotallahi pọ̀ l'Ékòó."

"Wọ́n pọ̀. Èyí tí fóònù rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ ni mò ń wá. Ọjọ́bọ̀ lo gba orúkọ yẹn, Jímọ̀ lo gbé e wá síbí. Ìwé ilé bàbá yín lo fi ránṣẹ́, o fi àmì sí orúkọ ẹ̀gbọ́n rẹ pé kí Súbérù yọ ọ́. Ó ṣì wà níbẹ̀. Nígbà tí Súbérù kò yọ ọ́, o pa á, o fi kọ́kọ́rọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ ti ilẹ̀kùn, o fẹ́ kí ẹ̀wọ̀n yọ ọ́."

Wàsílátù rántí ìrọ̀lẹ́ Jímọ̀. Ó lajú lórí ẹní, ó rí ọwọ́ Teslim tó ń jáde nínú báàgì òun. Abẹ́rẹ́ ló ní òun ń wá.

"Màmá, ta lẹ rí nídìí báàgì yín? Bí ẹ ò bá sọ, ẹ̀yin náà ò ní lọlé."

"Àǹtí mi," ni Teslim wí, jẹ́jẹ́.

Wàsílátù gbá báàgì mọ́ àyà.

"Èmi ni mo sọ ọmọ yẹn ní Nimotallahi," ló wí. "Ẹ má bi mí ní nǹkan kan mọ́."