Ìbéèrè Tí Bàbá Ń Bi Ọ̀gá Ilé Ẹ̀kọ́

Ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ pàdé, ṣe ni obìnrin bá ọkùnrin wí. Ọkùnrin náà ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù láàárín ilé ìkàwé, ohùn rẹ̀ gba gbogbo ilé kan. Obìnrin tó ń tọ́jú ìwé níbẹ̀ gbójú sókè, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ rọra. Àwọn èèyàn ń kàwé." Ọkùnrin náà tọrọ àforíjì, ó jáde. Àṣé òun ni ọ̀gá tuntun tí wọ́n gbé wá sí ilé ẹ̀kọ́ àwọn pásítọ̀ yẹn! Nígbà tí wọ́n fi í han àwọn òṣìṣẹ́ lọ́jọ́ kejì, ká ní ilẹ̀ lanu ni, obìnrin yìí ì bá kó wọ inú rẹ̀.

Ọ̀gá ò bínú o. Ó kàn sọ ọ́ ní Ẹ-Rọra, orúkọ náà sì mọ́ ọn lórí. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní tiwọn ń pe ọ̀gá ní Má-Gbọ̀jẹ̀gẹ́, torí kò sẹ́ni tó lè fi ẹ̀bẹ̀ gba máàkì lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n tó bá ti dé ọ̀dọ̀ Ẹ-Rọra, gbogbo líle yẹn á yọ́ bí òrí tó rí oòrùn. Á yá ìwé tí kò nílò, á dá a padà lọ́jọ́ kejì, kó ṣáà lè rí i. Kó tó pé ọdún kan, Ẹ-Rọra ti di "àyànfẹ́ mi," ó sì ku kí ọkùnrin náà lọ tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ bàbá rẹ̀.

Bàbá ọ̀hún kì í ṣe ẹni kékeré. Òun ni olórí gbogbo ìjọ tó ni ilé ẹ̀kọ́ náà, òun náà sì ni alága ìgbìmọ̀ tó ń darí ilé ẹ̀kọ́. Àbúrò Ẹ-Rọra ọkùnrin wà lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n fẹ́ gbọ́wọ́ lé lórí lọ́dún náà kí wọ́n lè di pásítọ̀.

Nọ́ńbà ni wọ́n ń kọ sórí ìwé ìdánwò níbẹ̀, wọn kì í kọ orúkọ, kí olùkọ́ má baà mọ ẹni tó ń máàkì fún. Lọ́jọ́ kan, ọ̀gá gbé ìwàásù tí nọ́ńbà kẹtàdínlógún kọ fún ìdánwò wá bá Ẹ-Rọra. Ó ní ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ jọ ohun tí òun ti kà rí, kó bá òun wá ìwé tí wọ́n ti dà á kọ. Ẹ-Rọra wo ìwé náà, ọwọ́ àbúrò rẹ̀ ni. Ta ni ò mọ ọwọ́ ìkọ̀wé ọmọ ìyá rẹ̀? Òun ló kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń di pẹ́ńsùlù mú.

Ó mọ ìwé tí àbúrò rẹ̀ ti dà á kọ pẹ̀lú. Ó lè ní òun ò rí i, kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Síbẹ̀, ó yọ ọ́ jáde, ó gbé e fún ọ̀gá. Ojú ìwé mẹ́rin gbáko, kọ́mà kan ò yàtọ̀.

Ìgbà tí ọ̀gá wá yẹ rẹ́jísítà wò, ó rí i pé àbúrò Ẹ-Rọra ló ni nọ́ńbà náà. Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà dé ilé Bàbá, ó di ariwo. Ìyá Ẹ-Rọra sunkún títí, ó ní ọmọ tí òun bí ló ta ọmọ ìyá rẹ̀. Bàbá ò sunkún ní tiẹ̀. Ó pe ọ̀gá sí ọ́fíìsì, ó ní ìwé ìpè ìgbọ́wọ́léni ti jáde, kí ọmọ náà di pásítọ̀ ná, kó wá tún ìwàásù kọ lábẹ́lẹ̀ tó bá yá. Ó fi kún un pé òun ò lè fi ọmọ fún ẹni tó bá dójú ti ilé òun.

Ọ̀gá gbà. Ó wá sọ fún Ẹ-Rọra, kò lè wo ojú rẹ̀.

"Nítorí rẹ ni," ó ní.

Ó yẹ kí Ẹ-Rọra bínú. Ká sòótọ́, ara tù ú. Ó fẹ́ ọkùnrin yìí, ó sì fẹ́ kí àlàáfíà wà nílé bàbá òun. Ọkùnrin náà ló ń rù sí i. Á wọ kíláàsì, á gbàgbé ohun tó fẹ́ kọ́ wọn.

Ọjọ́ ìgbọ́wọ́léni pé. Nínú ìjọ yẹn, kí wọ́n tó gbọ́wọ́ lé ẹnikẹ́ni, olórí á bi ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ léèrè lórí rẹ̀, níkọ̀ọ̀kan: "Ǹjẹ́ o ti yẹ ẹni yìí wò, o sì lè fọwọ́ sọ̀yà pé ó yẹ?" Ọ̀gá á ní, "Mo lè fọwọ́ sọ̀yà." Ibẹ̀ ni àwọn àgbà ìjọ máa ń tòògbé, torí ìdáhùn náà kì í yí padà.

Àbúrò ló ṣìkarùn-ún. Ẹ-Rọra jókòó ti ìyá rẹ̀, ó ń gbàdúrà sínú pé, Olúwa, jẹ́ kó sọ ọ́, jẹ́ kó purọ́ ẹ̀ẹ̀kan yìí péré.

Bàbá béèrè. Ọ̀gá dákẹ́. Bàbá tún béèrè.

"Mi ò lè fọwọ́ sọ̀yà, Bàbá," ó ní. "Kò tíì yẹ. Ẹ dárí jì mí pé mo ti kọ́kọ́ gbà."

Ìyá di ọwọ́ Ẹ-Rọra mú títí ó fi dùn ún. Àbúrò dìde, ó gba ẹ̀gbẹ́ jáde. Bàbá kọjá sórí ẹnì kẹfà. Ẹ-Rọra mọ̀ pé òun ti pàdánù ọkọ. Ohun tó yà á lẹ́nu ni pé kò tíì fẹ́ràn ọkùnrin náà tó báyìí rí.

Nígbà tí wọ́n délé, Bàbá pè é sí pálọ̀. Kò tíì bọ́ ẹ̀wù funfun rẹ̀.

"Ìgbìmọ̀ á jókòó lọ́la," ó ní. "Wọ́n á gba ipò lọ́wọ́ ọ̀gá nítorí ohun tó sọ lónìí, mi ò sì lágbára láti dá wọn dúró. Èmi náà ni màá fọwọ́ sí i."

Ẹ-Rọra kúnlẹ̀. "Bàbá mi, mo fẹ́ràn rẹ̀."

"Mo mọ̀." Ó fà á dìde. "Ọdún mọ́kànlélógún ni mo ti ń bi àwọn ọ̀gá ní ìbéèrè yẹn. Òun nìkan ló dá mi lóhùn lóòótọ́. Sọ fún un kó wá tọrọ rẹ."