Àǹtí Kóòṣì Ìsàlẹ̀ Èkó

Ọjọ́ Sọ́ńdè kan ni Abdulmujeeb kọ́kọ́ rí Basheerah. Abọ́ tánganran ni Abdulmujeeb ń tà nínú ìsọ̀ tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un, nítòsí Ìga Ìdúngànran. Tó bá ṣí ìsọ̀ láàárọ̀ Mọ́ńdè, á bá abọ́ fífọ́ nílẹ̀, kò sì mọ ohun tó ń fọ́ wọn. Ló bá lọ ṣọ́ ibẹ̀.

Àwọn ọmọdébìnrin ló bá tí wọ́n ń gbá bọ́ọ̀lù. Ilẹ̀kùn irin ìsọ̀ rẹ̀ ni wọ́n fi ṣe ilé góòlù. Obìnrin kan tó wọ ṣòkòtò gígùn àti ìborí dúró láàárín wọn, ó mú fèrè lọ́wọ́.

"Ẹ jọ̀ọ́, ta ni ọ̀gá níbí?"

"Èmi ni. Àbí ẹ̀yin lẹ ni ìsọ̀ yìí?"

"Èmi ni mo ni ín. Bọ́ọ̀lù yín ti fẹ́rẹ̀ẹ́ fọ́ abọ́ mi tán."

"Ẹ má bínú. A ò mọ̀ pé ohun tó lè fọ́ wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Wọ́n ti kọ́lé sí gbogbo ibi tó gbòòrò ládùúgbò yìí, àwọn ọkùnrin ló sì ń lo èyí tó kù. Ibo ni kí n kó wọn lọ?"

Lọ́jọ́ kejì, Abdulmujeeb ṣí pákó tó ń to abọ́ lé kúrò lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó gbé e sí ògiri kejì. Nígbà tó di Sọ́ńdè, ó tún lọ.

Olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni Basheerah. Ó ti gbá bọ́ọ̀lù fún ẹgbẹ́ àwọn obìnrin kan rí, kí orúnkún rẹ̀ tó yẹ̀. Àwọn ọmọ tó ń kọ́ yìí, ọjà ni wọ́n ń kiri tí wọ́n bá ti ilé ẹ̀kọ́ dé, tàbí kí wọ́n pọn àbúrò wọn. Ọjọ́ Sọ́ńdè nìkan ni wọ́n ń rí ṣeré. Ẹnikẹ́ni kì í fún un ní nǹkan kan lórí rẹ̀. Tí ọmọ kan bá gbá bọ́ọ̀lù sọ nù, Basheerah kì í jágbe mọ́ ọn, yóò sún mọ́ ọn, yóò sì fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ hàn án bí wọ́n ṣe ń gbá a. Ohun tó wọ Abdulmujeeb lọ́kàn nìyẹn.

"Basheerah, mo fẹ́ràn rẹ," ló sọ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan.

"Mo ti mọ̀. Ẹni tí kò mọ ìyàtọ̀ láàárín góòlù àti fáòlù, kí ló tún ń wá ṣe níbí?" Ó rẹ́rìn-ín. "Èmi náà fẹ́ràn rẹ, àyànfẹ́ mi."

Ṣùgbọ́n ìyá Abdulmujeeb, Alhaja Àdìjátù, kò gbà.

"Obìnrin tó ń fi ṣòkòtò sáré ní títì? Kí ni kí n sọ fún ẹbí bàbá rẹ? Tó bá fẹ́ wọ ilé yìí, kó fi bọ́ọ̀lù sílẹ̀."

Ẹ̀rù ìyá rẹ̀ ba Abdulmujeeb. Ó lọ bá Basheerah.

"Olólùfẹ́ mi, fi í sílẹ̀ fúngbà díẹ̀. Tá a bá ti ṣègbéyàwó, wàá padà sí i."

"Ṣé ohun tí mò ń ṣe kò dáa ni?"

"Ó dáa."

"Kí ló dé tí o kò sọ bẹ́ẹ̀ fún ìyá rẹ?"

"O mọ bí màámi ṣe rí."

"Mo fẹ́ràn rẹ," ni Basheerah wí, "ṣùgbọ́n mi ò lè fi àwọn ọmọ yìí sílẹ̀. Má wá síbí mọ́."

Basheerah sunkún nígbà tó délé. Nígbà tó di Sọ́ńdè, ó fọn fèrè bó ṣe máa ń fọn ọ́n.

Ààwẹ̀ wọlé, ó jáde. Oníbàárà kan tó ń jẹ́ Ganiat, tí ọmọ rẹ̀ wà lára àwọn tí Basheerah ń kọ́, ló wá sọ fún Abdulmujeeb pé wọ́n ti yọ̀ǹda pápá kan ní Onikan kí àwọn ọmọ náà lè bá ẹgbẹ́ mìíràn gbá, ṣùgbọ́n àwọn bàbá kò jẹ́ kí ọmọ wọn lọ. Abdulmujeeb ti ìsọ̀, ó ń bẹ̀ wọ́n láti ilé dé ilé. Àwọn kan gbà. Bàbá kan bi í pé, "Ìyá tìẹ gan-an kò fẹ́ ẹ. Kí ló wá kàn wá?"

Ó wá padà sílé.

"Màámi, mo mọ̀ pé ohun tí Basheerah ń ṣe dáa. Ẹ̀rù yín ló bà mí tí mo fi ní kó fi í sílẹ̀. Ó sì kọ̀ mí."

Alhaja gbé tẹ̀sùbáà rẹ̀ sílẹ̀. "Òun ló kọ̀ ọ́? Mo rò pé ìwọ lo fi í sílẹ̀."

"Òun ni. Ó ní òun ò lè fi àwọn ọmọ náà sílẹ̀. Bàbá kan ò sì jẹ́ kí ọmọ rẹ̀ lọ gbá bọ́ọ̀lù ní Onikan, ó ní ẹ̀yin gan-an ò fẹ́ ẹ."

"Mi ò tíì fẹ́ràn ṣòkòtò yẹn o," ni Alhaja wí. "Ṣùgbọ́n obìnrin tí kò fi ọmọ ọlọ́mọ sílẹ̀ nítorí ọkọ, kò ní fi ọmọ tèmi sílẹ̀ nítorí ìyà. Bàbá wo lo ní kò gbà ọ̀hún? Mú mi lọ."

Àwọn ọmọ náà lọ sí Onikan, ẹgbẹ́ kejì sì gbá góòlù sílé wọn dáadáa. Nígbà tí eré parí, Basheerah rí Alhaja láàárín àwọn ìyá tó jókòó lábẹ́ ibòòji. Abdulmujeeb wá bá a.

"Mo ti sọ ọ́ fún ìyá mi. Ó pẹ́ kí n tó sọ ọ́. Dárí jì mí."

Basheerah wò ó títí. Ọ̀rọ̀ náà ṣì ń dùn ún, ṣùgbọ́n àárò rẹ̀ ti sọ ọ́ pẹ́.

"Wá bá mi kó bọ́ọ̀lù," ló wí.

Lẹ́yìn Iléyá ni wọ́n so yìgì wọn. Àlùfáà bi Basheerah pé kí ló fẹ́ gbà lọ́wọ́ ọkọ rẹ̀ ní sàdáàkí.

"Bọ́ọ̀lù," ni Basheerah dáhùn. "Tuntun, tí gbogbo ọmọ náà yóò rí gbá."

Àwọn àgbà wo ara wọn. Àlùfáà ní ẹ̀tọ́ ìyàwó ni, ó wá bi ẹbí ọkọ bóyá wọ́n gbà. Gbogbo ojú yí sọ́dọ̀ Alhaja Àdìjátù.

Alhaja fa ìborùn rẹ̀ sọ́rùn, ó kọjú sí ọmọ rẹ̀.

"Má lọ ra èyí tí yóò tètè bẹ́ o."