Sálúbàtà Òsì Nìkan

Bàbá Oníbàtà ń lẹ àtẹ́lẹ̀ bàtà kan lọ́wọ́ nígbà tí awakọ̀ tó ń gbé lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ mú sálúbàtà ìyàwó rẹ̀ dé. Ó ní kí bàbá bá òun tú okùn rẹ̀, kó fi awọ díẹ̀ kún un. Ti òsì nìkan.

"Òsì nìkan kẹ̀? Ọ̀tún ńkọ́?"

Awakọ̀ ní ọ̀tún ò ṣe nǹkan kan. Ẹsẹ̀ òsì ìyàwó òun ló wú láti ọjọ́ mẹ́ta, ó sì ń gbóná. Ẹ̀gbọ́n òun obìnrin ti gbé omi kaná, yóò fi òróró ra á dáadáa.

Bàbá mọ̀ pé obìnrin náà ń gba ìtọ́jú jẹjẹrẹ ọmú. Inú bí i, ó gbé bàtà tó ń lẹ sílẹ̀. Ìyàwó tirẹ̀ náà ní jẹjẹrẹ, ẹsẹ̀ kan ló sì wú fún un. Òun fúnra rẹ̀ ló fọwọ́ ra á láàárọ̀, tó ń kí ara rẹ̀ kú iṣẹ́. Nígbà tó fi máa di ìrọ̀lẹ́, ìyàwó rẹ̀ ò lè mí mọ́. Ìgbà tí wọ́n sin ín tán ni dókítà ṣẹ̀ṣẹ̀ wá ń ṣàlàyé. Ọ̀rọ̀ náà ṣì ń dun bàbá wọnú eegun.

"Pe ẹ̀gbọ́n ẹ. Ní kó gbé omi yẹn kúrò lórí iná," ló wí. "Jẹjẹrẹ máa ń da nǹkan sínú ẹ̀jẹ̀ tó ń mú un dì, bí ìgbà tí ọ̀bẹ bá géèyàn, bẹ́ẹ̀ sì ni ọgbẹ́ kankan ò sí níbẹ̀. Tó bá dì sẹ́sẹ̀, tẹ́ ẹ wá ń fọwọ́ ra á, ó lè já lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró. Ohun tó pa tèmi nìyẹn."

"Wọn ò sọ fún wa, bàbá."

"Wọn ò sọ fún èmi náà. Èmi wá sọ fún ẹ báyìí. Gbé e lọ sọ́síbítù. Mi ò ní fi awọ kankan kún bàtà yìí."

Awakọ̀ gbé ìyàwó rẹ̀ lọ. Òótọ́ ni, ẹ̀jẹ̀ ti dì sí itan rẹ̀. Wọ́n fún un ní oògùn tí kì í jẹ́ kó dì sí i. Lẹ́yìn oṣù bíi mélòó kan, obìnrin náà fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wá gba sálúbàtà. Bàbá bẹ̀rẹ̀, ó bá a wọ̀ ọ́. Ó bá a mu rẹ́gí.

Ẹ̀yin èèyàn wa, bí ẹsẹ̀ tàbí apá kan bá wú fún ẹni tó ní jẹjẹrẹ, tó ń dùn ún tàbí tó ń gbóná, ẹ má fọwọ́ ra á, ẹ má fomi gbígbóná jó o. Ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an. Bí kò bá lè mí dáadáa lójijì, tí àyà ń dùn ún tàbí tó ń wúkọ́ ẹ̀jẹ̀, ẹ má tiẹ̀ dúró pààrọ̀ aṣọ. Bí dókítà ò bá sì sọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ dídì fún yín, ẹ bi í kí ẹsẹ̀ tó wú. Àlàyé tí wọ́n ṣe lẹ́yìn ìsìnkú kò jí òkú rí.